Ara wà níbí, ọkàn ti lọ: báwo ni ẹ ṣe ń dá a padà?

Arìnrìn-Òru

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Ohun tí mo gbé wá lè jọ ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ó ti ń dà mí láàmú láti bí ọjọ́ mélòó kan. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 7, jókòó tì mí, ó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì. Mo ń mi orí, mo ń dá a lóhùn pé "ẹn-ẹn, ẹn-ẹn", títí ó fi dákẹ́ lójijì, tó wò mí lójú, tó sì bi mí pé: "Dádì, kí ni mo sọ gbẹ̀yìn?" N kò mọ̀ ọ́n. Ojú mi wà lára rẹ̀, etí mi kò di, àmọ́ ọkàn mi wà ní ọ́fíìsì, níbi tó ti ń bá ọ̀gá mi jiyàn lórí lẹ́tà kan tí a ti fi ránṣẹ́ láti ọjọ́ Ẹtì. Ọmọ náà dìde, ó gbé ìwé rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ ara mi, mo sì rí i pé bí mo ṣe ń lo gbogbo ọjọ́ nìyẹn. Mo máa ń ti ilẹ̀kùn tán kí n tún padà lọ wò ó bóyá mo tì í. Mo máa ń wẹ̀ tán kí n má lè sọ bóyá mo fi ọṣẹ kan ẹ̀yìn. Dókítà tí mo lọ rí nítorí àìróorunsùn ní kí n gbìyànjú ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní mindfulness, ìyẹn fífi ọkàn sí ohun tó ń lọ lọ́wọ́. Mo gbìyànjú rẹ̀ lóòótọ́: mo jókòó, mo dijú, mo pinnu pé n kò ní ro ohunkóhun. Ìṣẹ́jú méjì kò pé tí inú orí mi fi di ọjà. Mo dìde, mo ní iṣẹ́ yìí kì í ṣe tèmi.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ẹ ṣe ń mú un wọ inú ọjọ́ tí iṣẹ́ ti kún dẹ́múdẹ́mú, tí kò sí wákàtí kan tí èèyàn lè fi jókòó sójú kan?

Olùkọ́-Àná

Ẹ jẹ́ kí n pè yín ní àbúrò, nítorí ọmọ tí àbíkẹ́yìn mi bí ti ju tiyín lọ. Àbúrò, ibi tí ẹ rò pé ẹ ti kùnà gan-an ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí ẹ má ronú. Ọkàn ń mú èrò wá bí ẹnu ti ń mú itọ́ wá, ẹ kò sì lè pàṣẹ fún un pé kó dáwọ́ dúró. Ohun tí a ń kọ́ ni pé, bí ọkàn bá ti lọ, kí á tètè mọ̀ pé ó ti lọ, kí á sì fà á padà láìbá a jà. Bí ó bá lọ ní ìgbà 20 láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí ẹ sì dá a padà ní ìgbà 20, ìgbà 20 ni ẹ ṣe iṣẹ́ náà yẹn. Ẹni tó ń kọ́ ọmọdé ní ìrìn kì í nà án nítorí pé ó ṣubú. Ńṣe ló ń gbé e dìde.

Èmi kò gba ọ̀nà kúkúrú débẹ̀. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, ẹ̀yìn ríro ló lé mi wọ irú ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́jọ tí Jon Kabat-Zinn dá sílẹ̀ ní ọdún 1979 ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Massachusetts ní Amẹ́ríkà, fún àwọn aláìsàn tí ìrora wọn kò gbóògùn mọ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, èso àjàrà gbígbẹ kan ṣoṣo ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n wò ó bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí, kí n fi ọmọ ìka yí i wò, kí n gbé e sétí, kí n gbọ́ òórùn rẹ̀, kí n wá fi sẹ́nu, kí n má sì tètè jẹ ẹ́. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ahọ́n yí i, tí ara rẹ̀ tó hun jọ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, tí adùn rẹ̀ sì tú jáde ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún kó tó dé ti òsì, mo mọ̀ pé ọdún pípẹ́ ni mo ti fi ń jẹun láìtọ́ ọ wò.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ èdè kì í sú olùkọ́. Sati ni wọ́n ń pe nǹkan yìí ní èdè Pali, èyí tí wọ́n fi kọ àwọn ìwé àtijọ́ ẹ̀sìn Búdà, ìrántí sì ni ìpìlẹ̀ ìtumọ̀ rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ T. W. Rhys Davids ló fi mindfulness túmọ̀ rẹ̀ ní ọdún 1881. Kò pọn dandan kí èdè tiwa wá ọ̀rọ̀ jìnnà fún un. Nígbà tí ẹnì kan bá gbàgbé nǹkan, a ó ní iyè rẹ̀ ra. Nígbà tí a bá fẹ́ kó wo nǹkan dáadáa, a ó ní kó fiyè sí i. Iyè kan náà ni. Fífiyèsí ni èmi ń pè é, ohun tí mo sì ń rántí nínú rẹ̀ kò ju pé ibí yìí ni mo wà, ohun tí mo ń ṣe rèé.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má wá àkókò kún àkókò. Ẹ mú ohun kan ṣoṣo tí ẹ ti ń ṣe lójoojúmọ́, kí ẹ máa ṣe é pẹ̀lú fífiyèsí fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Eyín fífọ̀ dára púpọ̀, torí pé kò gùn, ẹnu sì máa ń tètè mọ nǹkan lára. Ibo ni irun búrọ́ṣì ń kàn báyìí? Èjìká yín ńkọ́, ṣé ẹ ti gbé e sókè láìmọ̀? Bí ẹ bá bá ara yín lọ́dọ̀ ọ̀gá yín, ẹ padà sídìí eyín tí búrọ́ṣì wà. Ẹ má tíì fi ohun kejì kún un.

Ọlọ́wọ́-Tútù

Ọ̀rọ̀ màmá kò lábùlà. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọwọ́ fífọ̀ ni mo so tèmi mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí fífi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ gba ìṣẹ́jú-àáyá 40 sí 60. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo ka àkókò yẹn sí ohun tó ń dá mi dúró kí n tó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn tó kàn, nítorí náà ọwọ́ mi á wà lábẹ́ omi nígbà tí orí mi ti wọ yàrá kejì. Ní báyìí, ibẹ̀ ni mo ti ń sinmi. Mo máa ń mọ ìgbà tí omi kọ́kọ́ bà mí ní ọrùn ọwọ́, nítorí ibẹ̀ ló máa ń tutù jù. Mo máa ń mọ bí ọṣẹ ṣe ń yọ̀ láàárín ìka, àti bí ìró omi ṣe ń yí padà tí mo bá kó àtẹ́lẹwọ́ jọ. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé mo ń ṣe nǹkan kan. Ọwọ́ ni wọ́n rí tí mo ń fọ̀.

Bí mo bá ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó bú mi, mo máa ń bá ìbínú náà nídìí omi níbẹ̀, nínú eyín tí mo fún pọ̀ àti nínú àyà tó há. N kì í lé e lọ, n kì í sì í bá a rojọ́. Mo máa ń sọ nínú ara mi pé, "Ìbínú rèé," mo sì ń ṣan ọwọ́ mi lọ. Nígbà mìíràn á rọlẹ̀ kí n tó nu ọwọ́, nígbà mìíràn á bá mi wọ yàrá kejì, ṣùgbọ́n ó kéré tán mo mọ̀ pé òun ni mo gbé dání, n kò sì ní lọ fi kanra mọ́ aláìsàn tí kò mọwọ́-mẹsẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé kí ẹ yan ohun tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin tó ṣe kedere. Ẹni tó bá ní òun yóò máa fiyè sí nǹkan "ní gbogbo ọjọ́" ti gbàgbé kó tó di agogo mẹ́wàá àárọ̀. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Wádìí-Wò

N kò wá da omi tútù sí yín lọ́kàn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹnì kan sọ ibi tí agbára nǹkan yìí mọ, kí arákùnrin yìí má baà gbé ẹrù tó ju ti ẹṣin lọ lé ẹ̀yìn ewúrẹ́.

Ní àkọ́kọ́, ohun tó ń ṣe é kò mọ sọ́dọ̀ rẹ̀ nìkan. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ ọkàn méjì ní Yunifásítì Harvard, Matthew Killingsworth àti Daniel Gilbert, gbé ìwádìí kan jáde nínú èyí tí wọ́n ń fi fóònù bi àwọn àgbàlagbà 2,250 léèrè, ní àkókò tí wọn kò retí, pé kí ni wọ́n ń ṣe àti pé ibo ni ọkàn wọn wà. Nínú ìdá ọgọ́rùn-ún ìgbà tí wọ́n bi wọ́n, ìdá 46.9 ni ọkàn wọn kò sí níbi ohun tí wọ́n ń ṣe. Inú wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dùn ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, kódà bí ohun tí ọkàn wọn lọ rò kò bá dùn tí kò sì burú.

Ní ti ìwòsàn, àyẹ̀wò kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2014 kó ìwádìí 47 jọ, tí àwọn èèyàn 3,515 kópa nínú wọn. Wọ́n rí i pé ẹ̀kọ́ ìfiyèsí ń dín àníyàn, ìrẹ̀wẹ̀sì àti ìrora kù dé ìwọ̀n kan, kì í ṣe ìwọ̀n ńlá, wọn kò sì rí ẹ̀rí pé ó ju oògùn tàbí eré ìmárale lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 11 sí 14; nígbà tí àbájáde dé ní ọdún 2022, kò sí ìyàtọ̀ tó wúlò láàárín àwọn tí wọ́n kọ́ àti àwọn tí wọn kò kọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà kò sì ṣe é nílé rárá. Ẹ wo èyí dáadáa: ẹ̀kọ́ tí a fi tipátipá gbé fún ẹni tí kò béèrè fún un kì í wọlé.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń ká mi lára ni pé ní ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, iṣẹ́ èèyàn mẹ́ta ni wọ́n dì lé ẹnì kan lórí. Nígbà tí a pariwo, wọ́n gbé áàpù kan tó ń kọ́ni ní mímí sórí fóònù wa, wọ́n ní kí á máa fara balẹ̀. Mímí kò dín fáìlì tó wà lórí tábìlì mi kù. Arákùnrin, bí ọ̀rọ̀ lẹ́tà àti ọ̀gá yín bá nídìí, ẹ bá a sọ ọ́ ní ojúkorojú. Fífiyèsí lè jẹ́ kí ẹ sọ ọ́ láìgbaná jẹ, ṣùgbọ́n kò lè bá yín sọ ọ́.

Onímọ́tò

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti orí ìrìn ní ṣókí. Ìgbàkigbà tí iná pupa bá dá mi dúró, ọwọ́ mi kì í lọ sídìí fóònù mọ́. Mo máa ń fiyè sí bí ọwọ́ mi ṣe di sítíárín mú, mo sì máa ń rí i pé mo ti fún un bí ẹni tó fẹ́ fọ́ ọ. Mo ń tú u, mo ń wo gíláàsì ẹ̀yìn àti ti ẹ̀gbẹ́, iná á sì yí padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni kẹ́ni má ṣe gbọ́ ohùn olùkọ́ tó ń ní kí á dijú nígbà tó bá wà nídìí ọkọ̀.

Ojú-Ṣíṣí

Ẹ̀yin àgbà, ẹ fún mi láyè kí n fi ìkìlọ̀ kan sí i, nítorí kò sẹ́ni tó kì mí nílọ̀ nígbà tèmi. Ọdún kejì lẹ́yìn jàǹbá ọkọ̀ kan tó ṣẹlẹ̀ sí mi ni mo bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí n dijú, kí n máa tẹ̀ lé èémí bó ṣe ń wọlé tó sì ń jáde. Bí mo ṣe kọjú sí àyà mi báyìí, ńṣe ló bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì, mo sì tún padà sínú ọkọ̀ náà. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ẹni tó ń darí wa, ó ní kí n máa fara dà á, pé yóò lọ. Kò lọ, ó ń burú sí i ni.

Onímọ̀ ìlera ọpọlọ tí mo wá lọ bá lẹ́yìn náà ló là mí lóye pé èémí kì í ṣe ibi ààbò fún gbogbo èèyàn. Ó ní kí n la ojú mi sílẹ̀, kí n fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, kí n mọ bí gìgísẹ̀ ṣe wúwo sí, kí n wá máa wá ohun márùn-ún tí mo lè rí nínú yàrá, kí n máa dárúkọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: fèrèsé, okùn iná, bàtà, àbààwọ́n ara ògiri, ọwọ́ mi. Nígbà tí mo bá fi máa dé orí èkarùn-ún, mo ti mọ̀ pé inú yàrá ni mo wà, n kò sí nínú ọkọ̀. Bí ó ṣe mọ fún mi láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ nìyẹn, ó sì tó mi.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń ka èyí, tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ń mú ẹ̀rù wá dípò ìsinmi, kí ó má rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n ṣe. Kí ó lajú, kí ó dìde, kí ó rìn. Bí àìsùn tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì bá ti wọra, dókítà ló kàn. Irú ẹ̀kọ́ yìí kan wà tí àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Zindel Segal, Mark Williams àti John Teasdale, ṣètò fún àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti mú léraléra, àjọ NICE tó ń tọ́ àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ́nà sì ti fọwọ́ sí i láti ọdún 2004, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí àìsàn náà má baà padà wá. Kò sí ẹni tó ní kí aláìsàn kó oògùn rẹ̀ dànù nítorí rẹ̀.

Ọmọlẹ́yìn

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Màmá Olùkọ́, ẹ dárúkọ ẹ̀sìn Búdà. Ṣé kò ní jẹ́ pé mo ń ṣe ẹ̀sìn mìíràn láìmọ̀?

Olùkọ́-Àná

Ìbéèrè tó tọ́ ni, ọmọ mi, n kò sì ní fi ojú tín-ínrín wò ó. Ibẹ̀ ni ó ti wá, irọ́ ni ẹni tó bá ní kò rí bẹ́ẹ̀ ń pa. Ṣùgbọ́n ní ilé ìwòsàn tí mo mẹ́nu bà, wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni forí balẹ̀ fún nǹkan kan tàbí kó pe orúkọ kan. Mímọ̀ pé omi tutù kò nílò ìgbàgbọ́. Èmi ń gbàdúrà ní òwúrọ̀ bí mo ti ń ṣe láti kékeré, ìyàtọ̀ tó kàn wà níbẹ̀ ni pé mo ti ń mọ̀ báyìí nígbà tí ẹnu mi ń gbàdúrà tí ọkàn mi ń ka owó. Bí ara rẹ kò bá balẹ̀ síbẹ̀, bi ẹni tó ń tọ́ ọ sọ́nà nínú ẹ̀sìn rẹ.

Bàbá-Mẹ́ta

Gbogbo wa ti gba ọ̀nà eyín àti ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ ni Arìnrìn-Òru fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ni mo tọ́, mo sì pẹ́ kí n tó mọ̀ pé gbígbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ nira ju títẹ̀ lé èémí lọ, torí pé ìtàn ọmọdé kì í ní orí, kì í sì í ní ìdí, àgbàlagbà sì ti máa ń wá ibi tí yóò parí sí.

Ohun mẹ́ta péré ló ràn mí lọ́wọ́. Èyí àkọ́kọ́ ni pé fóònù máa ń wà ní yàrá mìíràn. Bí a bá dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì, ó ṣì ń pe èèyàn. Èyí kejì ni pé mo máa ń jókòó sílẹ̀ kí ojú mi lè bá ojú ọmọ dọ́gba, nítorí pé láti òkè, orí rẹ̀ nìkan ni mo ń rí, ṣùgbọ́n láti ilẹ̀, mo ń rí bí ẹnu rẹ̀ ṣe ń wá ọ̀rọ̀ kó tó rí i. Èyí kẹta ló ṣe pàtàkì jù: nígbà tí mo bá mọ̀ pé mo ti lọ, mo máa ń jẹ́wọ́. Mo á ní, "Jọ̀ọ́, mo ṣìnà níbẹ̀ yẹn, padà síbi tí bọ́ọ̀lù ti wọ àgbàlá." Mo bẹ̀rù pé yóò bínú. Inú rẹ̀ dùn pé mo rántí bọ́ọ̀lù.

Arìnrìn-Òru

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ará, ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì ní kí n wá jábọ̀. Eyín fífọ̀ ni mo mú, gẹ́gẹ́ bí màmá ti wí. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo gbàgbé rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́rin nínú méje. Mo á ti gbé búrọ́ṣì kalẹ̀ kí n tó rántí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo lẹ bébà kékeré kan mọ́ ara dígí, ìyẹn náà ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ojú mi sì mọ́ ọn lára tí n kò rí i mọ́. Ohun tó gbà á là ni pé mo gbé búrọ́ṣì sí ọwọ́ òsì. Bí ọwọ́ kò ṣe mọ ọ̀nà yẹn, ọkàn kò lè kúrò níbẹ̀. Àkàbà ọ́fíìsì tí mo fẹ́ fi kún un kò bọ́ sí i. Àwọn ará ibi iṣẹ́ máa ń bá mi níbẹ̀, mo sì ti jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ní ti oorun, kò tíì yàtọ̀ púpọ̀, mo sì ti gba ọjọ́ mìíràn lọ́dọ̀ dókítà. Mo bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀ lórí lẹ́tà náà, bí Wádìí-Wò ti ní kí n ṣe. Ó ti gbàgbé pé a kọ lẹ́tà kankan.

Mo sọ fún ọmọ mi pé mo ń kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀, pé kí ó bá mi ṣọ́ ara mi. Ó ti wá sọ ọ́ di iṣẹ́. Bí ó bá ti rí i pé ojú mi dúró sójú kan, á fi ìka kan gbá mi lórúnkún, á ní, "Dádì, ẹ ti lọ." Lálẹ́ àná, nínú ìtàn kan ṣoṣo nípa pẹ́ńsù tó sọnù, ìgbà mẹ́rin ló gbá mi.